Ẹ̀rọ Tí Ìyá Dúró Ń Kì Láràárọ̀

Bí ẹ bá dé Ìlá Ọ̀ràngún tí ẹ ní Bólúwadúró káfíńtà ni ẹ ń wá, wọ́n á kàn máa wò yín lójú ni. Ẹ ní Omi-Dà ni ẹ ń wá. Ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ bá bi léèrè yóò mú yín dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìlagi. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń pe orúkọ náà. Ẹni tó bá mọ ibi tí orúkọ ọ̀hún ti ṣẹ̀ wá kò yẹ kó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ ọ́n jù gan-an ló ń rẹ́rìn-ín jù. Bí ìlú ṣe rí nìyẹn, n ò lè máa bá ìlú jà.

Dúró, bí ìyá rẹ̀ ti máa ń pè é, kì í ṣe káfíńtà nìkan nígbà kan. Olórin ni. Kì í sì í ṣe irú olórin tí ẹ ń rò. Orin tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì kọ ní Ìlá láti ọdún 1991 títí di 1996, àwọn òyìnbó ń pè é ní pọ́ńkì. Àwọn àgbà ìlú ń pè é ní wèrè. Alfred, ẹ̀gbọ́n Zipporah, ọmọbìnrin tó wà nínú wọn, ló fà á. Ó ti Lọ́ńdọ̀nù wá ṣe Kérésì, nígbà tó ń padà lọ ó gbàgbé kásẹ́ẹ̀tì kan sórí àga. Zipporah fi í sínú rédíò, ló bá gbọ́ àwọn èèyàn tó ń pariwo bí ẹni pé ilé wọn ń jó, tí gìtá ń sáré lẹ́yìn wọn, tí orin kan kì í ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ó gbọ́ ọ délẹ̀, ó yí i padà, ó tún gbọ́ ọ, ó wá gbé e lọ fún Dúró àti Adétúnbọ̀.

Inú ìjọ kan náà làwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń lu ohun èlò orin. Dúró ló ń lu ìlù òyìnbó, Zipporah ń ta gìtá béèsì, Adétúnbọ̀, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Túnbọ̀, ń ta gìtá kejì, ó sì ń lé orin. Ní ọjọ́ ìkórè ọdún 1991, wọ́n fi ìlù tuntun yìí gbé orin ìdúpẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ sókè. Ìyá àgbà kan tó ń jó bọ̀ pẹ̀lú iṣu lórí da iṣu sílẹ̀, ó nà gbalaja sílẹ̀, ó ní Jésù ti dé, òun kò sì tíì múra. Wọ́n lé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò nídìí ohun èlò orin lọ́jọ́ náà gan-an, kí oúnjẹ ìkórè tó jinná.

Ẹ̀yìn ilé ìlagi ni wọ́n wá ń lò. Àrékérekè Dúró ni. Ó ní níbi tí ẹ̀rọ ìlagi bá ti ń ké láti òwúrọ̀ dọ̀sán, ta ni yóò gbọ́ ariwo tiwọn? Fúnra rẹ̀ ló fi pákó pẹlẹbẹ kan àpótí ẹ̀rọ agbóhùnsókè, ó ra ìlù tí ilé ìwé kan ti jù nù, ó fi awọ ewúrẹ́ bo èyí tó ya. Ẹgbẹ́ Ariwo-Ta ni wọ́n sọ ara wọn, orúkọ náà sì ro wọ́n.

Ẹ̀yin náà mọ bí olórin ilẹ̀ wa ṣe ń jẹun. Ó rí olówó, ó ki olówó, olówó lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí, ilẹ̀ sì mọ́. Ariwo-Ta ní àwọn kò ní í ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin tí wọ́n kọ́kọ́ fi lélẹ̀ nìyẹn, wọn kò sì kọ ọ́ sínú ìwé: wọn kò ní í ki ẹnikẹ́ni, kì báà ṣe ọba, kì báà ṣe ìjòyè, kì báà ṣe bàbá tó bí wọn. "Bí a bá ti lè ki ẹnì kan pẹ́nrẹ́n," Zipporah ló wí bẹ́ẹ̀, "a ti di tirẹ̀." Wọn kò sì ní í wá ilé iṣẹ́ tí yóò bá wọn gbé orin jáde. Àwọn fúnra wọn ni yóò máa dà á kọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, lórí rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì méjì tí Alfred fi ránṣẹ́.

Kásẹ́ẹ̀tì àlòkù ni wọ́n ń rà, ti ìwàásù, ti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, èyí tí kò bá sáà ti já. Ẹ̀yin tí ẹ ti lo kásẹ́ẹ̀tì rí mọ̀ pé ó ní etí kékeré méjì lẹ́yìn. Bí wọ́n bá kán etí náà, ẹnikẹ́ni kò lè gba ohùn mìíràn lé e mọ́. Ilé iṣẹ́ olórin gbogbo ló ń kán an. Ariwo-Ta kì í kán an. Túnbọ̀ ló mú àbá náà wá, inú àwọn méjì tó kù sì dùn sí i gan-an. Wọ́n tilẹ̀ kọ ọ́ sára bébà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ kásẹ́ẹ̀tì: "Bí orin wa kò bá dùn mọ́ ọ, gba tìẹ lé e." Ìgbéraga ọmọdé ni, ṣùgbọ́n ó dára létí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ etí kásẹ́ẹ̀tì yìí sọ́kàn.

Orin tó gbé orúkọ wọn jáde, ẹnu ìyá Dúró ló ti wá. Oyèbísí lorúkọ ìyá náà, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sì ni sòbìà bà jẹ́. Ní 1989 ni kọngilá kan tó ń jẹ́ Ọlájídé gba iṣẹ́ ìjọba láti ri ẹ̀rọ omi mẹ́fà mọ́lẹ̀ ní àdúgbò wọn. Ó rì wọ́n lóòótọ́. Ó fi sìmẹ́ńtì ṣe ìdí wọn, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà sára sìmẹ́ńtì náà. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, omi yọ, àwọn aláṣẹ fọwọ́, wọ́n ya fọ́tò. Láti ọjọ́ kejì, ẹ̀kán kan kò já bọ́ ńbẹ̀ mọ́. Àwọn obìnrin padà sódò, omi odò ni ìyá Dúró mu, inú omi náà ni sòbìà ti wọlé. Oṣù mẹ́rin ló fi yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí kò tẹ́lẹ̀ dáadáa mọ́.

Obìnrin náà kò sunkún. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nìyí: láràárọ̀, bó bá gbé bókẹ́ẹ̀tì tó ń lọ sódò, bó bá dé ìdí ẹ̀rọ tó wà ní ìkòríta wọn, yóò dúró, yóò rọ orúnkún díẹ̀, yóò kí ẹ̀rọ náà, yóò sì kì í bí ẹni ń ki ọkọ rẹ̀. Ó ní, "A kì í rí àgbà lójú ọ̀nà ká kọjá láì kí i. Ẹ̀rọ yìí ti dàgbà lójú ọ̀nà." Ìgbómìnà pọ́nńbélé ló fi ń kì í, Yorùbá tí gbogbo ayé gbọ́ ni mo fi kọ ọ́ síbí, kí ẹni tí kì í ṣe ará ilé má baà sọnù:

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀rọ wa. Ọmọ onírin tútù. Adúró-má-sùn, adúró-lójú-ọ̀nà-bí-ọlọ́pàá. Ọlájídé ló rì ọ́, Ọlájídé kú iṣẹ́. Ó rì ọ́, o dúró, o ò wọ́, o ò yẹ̀. Gbogbo ìyá ọlọ́mọ ló mọ̀ ọ́. Ọlájídé, a dúpẹ́ o."

Nígbà náà ni yóò gbé bókẹ́ẹ̀tì sọ kalẹ̀, gbàà, yóò gbé orí sókè, yóò sì bi ẹ̀rọ náà pé: "Omi dà?"

Gbogbo ẹni tó ń lọ sódò ni yóò bú sẹ́rìn-ín. Bó bá ti bi í tán, yóò gbé bókẹ́ẹ̀tì rẹ̀, yóò sì máa tìrò lọ.

Ní ọyẹ́ ọdún 1993, Dúró bẹ ìyá rẹ̀ pé kó jẹ́ kí àwọn gba ohùn rẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì. Ìyá náà kò kọ́kọ́ gbà. Nígbà tó máa gbà, ó pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó.

"Ohùn mi nìyí, mo fún yín," ló wí. "Ẹ fi bú ẹni tó bá yẹ kí ẹ bú. Ẹ má fi tọrọ jẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí mo bá sì kú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi tọrọ jẹ."

Túnbọ̀ ló kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ọmọkùnrin yìí fi gbé lọ́dọ̀ obìnrin náà nígbà tí wọ́n gbé bàbá rẹ̀, tó jẹ́ olùkọ́, lọ sí Ọ̀rà. Ìkòkò rẹ̀ ló ti ń jẹun, ẹní kan náà lòun àti Dúró jọ ń sùn lé. Ó ní, "Màmá, bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí oúnjẹ yín má dà nínú wa." Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó ní kó dìde, kó má fi iyẹ̀pẹ̀ ba aṣọ jẹ́.

Bí orin náà ṣe rí nìyẹn. Ohùn ìyá Dúró ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, láìsí ìlù, láìsí gìtá, ó ń ki ẹ̀rọ. Bókẹ́ẹ̀tì ró gbàà. "Omi dà?" Kí ìbéèrè náà tó tán lẹ́nu rẹ̀, ìlù Dúró, béèsì Zipporah àti gìtá Túnbọ̀ já lu ara wọn bí òrùlé tó wó, tí Túnbọ̀ sì ń pariwo "Omi dà? Omi dà?" títí ohùn rẹ̀ fi ya. Kò pé ìṣẹ́jú méjì. Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ́kọ́ gbà á sí ni wọ́n ń pè ní ìyá kásẹ́ẹ̀tì, láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti ń da gbogbo èyí tí wọ́n ń tà kọ. Abẹ́ ibùsùn Dúró, nínú àpótí pákó tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn, ló ń gbé.

Wọ́n gbé orin náà lọ sí gbọ̀ngán ilé ìwé káàkiri. Ní Òkè-Ìlá, wọ́n sọ òkò lù wọ́n. Ní Ọ̀rà, àwọn ọ̀dọ́ jó títí bẹ́ǹṣì mẹ́rin fi kán, Dúró sì ní láti dúró níbẹ̀ di ọjọ́ kejì láti kàn wọ́n padà. Ní Ọ̀tan Ayégbajú, olùkọ́ kan, Bọ́lárìnwá, sọ fún Zipporah pé òun kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń kọ ṣùgbọ́n òun fẹ́ràn bó ṣe dúró ti gìtá. Ó fẹ́ ẹ lọ́dún 1995, Zipporah sì kó lọ sí Ọ̀tan, ó ń kọ́ ọmọ níbẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti tà nígbà náà lé ní igba. Inú Dúró máa ń dùn bó bá ń kọjá lójúde tó gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń ki ẹ̀rọ láti inú yàrá ẹni tí kò mọ̀ rí.

Ọlájídé náà gbọ́ ọ. Ní ọdún 1995 kan náà, kí Zipporah tó kó lọ, ó ránṣẹ́ pè wọ́n. Wọ́n rò pé yóò bú wọn ni, àní wọ́n ti múra èsì sílẹ̀. Kò bú wọn. Ó gbé mọ́ọ̀tì tútù síwájú wọn, ó ní ọmọ òun ni wọ́n, ó ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yẹn kì í ṣe ẹjọ́ òun, ìjọba lókè ni kò san owó tán. Ó wá ní ẹ̀bẹ̀ kan lòun ní: kí wọ́n tún orin náà kọ, kí wọ́n fi orúkọ òun sí ibi tó ti máa dùn, òun yóò sì ra ohun èlò orin tuntun fún wọn láti Èkó.

Dúró ní, "Ẹ ṣeun, sà. Àwa kì í ki èèyàn ni."

Ọlájídé mi orí. Kò bínú. Zipporah kò fọwọ́ kan mọ́ọ̀tì tirẹ̀. Túnbọ̀ mu tirẹ̀, nígbà tí wọ́n sì fẹ́ dìde, ó mu ti Zipporah náà. Bí wọ́n ṣe ń lọ sílé, ẹ̀yìn ló ń rìn. Dúró rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Ní oṣù kejì ọdún 1996, ibà kọlu ìyá Dúró, ọjọ́ mẹ́fà péré ló fi ṣe é, ó kú. Túnbọ̀ sunkún ju ọmọ tó bí lọ. Òun ló ṣáájú àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀, òun ló gbé orí pósí, pósí tí Dúró fúnra rẹ̀ kàn. Lẹ́yìn ìsìnkú, Dúró kò lè gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà. Yóò fa àpótí yọ lábẹ́ ibùsùn, yóò ṣí i, yóò wò ó, yóò tì í padà. Ó mọ̀ pé ohùn náà wà níbẹ̀, ìyẹn sì tó o.

Oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn ni Túnbọ̀ wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun ń lọ Èkó. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ní ilé ìgbohùn tí wọ́n ti lè fọ ariwo kúrò nínú kásẹ́ẹ̀tì, kí ohùn màmá lè mọ́ gaara, kí ó má baà gbó. Ó ní bí Dúró bá fún òun ní ìyá kásẹ́ẹ̀tì, kò ní í ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ.

Ẹlòmíràn ì bá ti da ọ̀kan kọ kó tó gbé e fún un. Dúró náà rò ó. Ṣùgbọ́n kéèyàn tó da kásẹ́ẹ̀tì kọ, ó ní láti jókòó tì í, kó gbọ́ ọ, kò sì lè gbọ́ ọ. Ta ló sì ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀? Túnbọ̀ mà ni. Ó fi aṣọ ìnujú ìyá rẹ̀ wé kásẹ́ẹ̀tì náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Àwọn àgbà ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Dúró ti gbọ́ òwe náà rí, bí gbogbo wa ṣe gbọ́ ọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta di oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́ta di oṣù mẹ́fà. Túnbọ̀ kọ lẹ́tà kan, ó ní iṣẹ́ ń lọ. Lẹ́yìn náà kò kọ mọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1997, nígbà tí ìbò káńsù ń bọ̀, Dúró ń fági lára ilẹ̀kùn kan ní ṣọ́ọ̀bù, rédíò Àyànlọ́lá, tó ń la pákó ní ilé ìlagi, sì ń sọ̀rọ̀ lórí igi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lójijì ni ìyá rẹ̀ ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀rọ wa."

Ìfági bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ ohun tó kọ́kọ́ ṣe é: ayọ̀ ni. Ó sáré lọ sí ìdí rédíò bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti ọjà dé. Ó gbọ́ "ọmọ onírin tútù", ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó gbọ́ "Ọlájídé kú iṣẹ́". Ó gbọ́ "Gbogbo ìyá ọlọ́mọ ló mọ̀ ọ́. Ọlájídé, a dúpẹ́ o." Ó ń retí kí bókẹ́ẹ̀tì ró. Kò ró. Gìtá kan wọlé, gìtá tó rọra ń dún bí oyin, ọkùnrin kan sì fi ohùn dídùn sọ pé: "Ohùn àwọn ìyá wa lẹ gbọ́ yẹn. Ọlájídé tó fún wa lómi. Ẹ dìbò fún un, kó di alága." Dúró mọ ohùn náà. Ohùn tó ti máa ń ya lórí "omi dà" ni.

Ó jókòó lé ìyẹ̀fun pákó. Àyànlọ́lá wá fọwọ́ bà á léjìká, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọkùnrin yìí! O ti jẹ ẹ́, o dákẹ́. O ò tilẹ̀ ta wá lólobó."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dun Dúró jù nìyí. Gbogbo àdúgbò rò pé òun ló tà á. Ẹni tó ń rìn lọ yóò kí i kú oríire. Ẹni tó fẹ́ kí ó kan àga yóò ní kó má gba owó púpọ̀, ṣebí owó Ọlájídé ti dé. Ó ń ṣàlàyé, wọ́n ń mi orí, wọ́n ń ṣẹ́jú síra wọn. Ìyá arúgbó kan tó máa ń bá ìyá rẹ̀ lọ sódò, Fọlákẹ́ lorúkọ rẹ̀, kò kí i kú oríire. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, omi lórí, ó wò ó títí. Ó ní, "Dúró, èló ni wọ́n ra ìyá rẹ?" Kò dúró gbọ́ èsì.

Dúró mọ ohun tó kù tó lè ṣe. Bó bá rí kásẹ́ẹ̀tì kan péré, ọ̀kan nínú igba, yóò gbé e sétí ìlú, wọn yóò sì gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ sọ délẹ̀. Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ó gun ọ̀kadà, ó ń lọ láti ilé dé ilé. Ẹni àkọ́kọ́ mú tirẹ̀ jáde pẹ̀lú ayọ̀, wọ́n fi sínú rédíò, ìwàásù ni. Ẹnì kejì ti gba ìsọmọlórúkọ ọmọ rẹ̀ lé e. Ní Òkè-Ìlá, ọmọbìnrin kan ti gba orin fíìmù Íńdíà lé e. Ní Ọ̀rà, níbi tí bẹ́ǹṣì ti kán, ó bá kásẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá, kò sì sí ọ̀kan tí kò tíì di nǹkan mìíràn. Wọn kò kórìíra orin náà o. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì wọ́n, etí ti èyí wà lára rẹ̀, Ariwo-Ta fúnra wọn sì ti kọ ọ́ sára níta pé kí wọ́n gba tiwọn lé e. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Dúró ka bébà náà nílé kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́.

Ọ̀dọ̀ Zipporah ló parí sí, ní Ọ̀tan. Zipporah ti gbọ́ rédíò. Kò bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kó jókòó, ó bu oúnjẹ fún un, ó sì mú kásẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ jáde.

"Kí n tó fi sí i, jẹ́ kí n sọ fún ọ," ló wí. "Ọdún tó kọjá, nígbà táwọn ọmọ wa ń gbá bọ́ọ̀lù l'Átíláńtà, ọkàn màmá kàn fà mí, mo fi sí i. Kò tíì lọ jìnnà tí ọkọ mi fi sáré wọlé. Ó yí i sí rédíò, ó tẹ̀ ẹ́ kó gba bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Kò mọ ohun tó wà níbẹ̀, Dúró. Má bínú sí i."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ìyá Dúró kí ẹ̀rọ, ó kì í, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlájídé. Bókẹ́ẹ̀tì ró gbàà. Nígbà náà ni ọkùnrin kan lórí rédíò pariwo pé ó ti wọlé, ó ti wọlé, ẹgbàágbèje èèyàn sì hó lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn méjèèjì jókòó síbẹ̀ títí bọ́ọ̀lù fi tán. Zipporah nu ojú rẹ̀. "Má gbé e fún wọn gbọ́," ló wí. "Bó o bá gbé e síta báyìí, ìwọ náà ń polongo ìbò fún Ọlájídé ni." Ó sì gbé kásẹ́ẹ̀tì náà lé e lọ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni Túnbọ̀ wọ Ìlá, nínú ọkọ̀ tí wọ́n ya àwòrán Ọlájídé sí lára. Dúró bá a nídìí ọkọ̀ náà, lójú gbogbo èèyàn. Kò gbé ohùn sókè.

"Túnbọ̀, ìyá kásẹ́ẹ̀tì wa ńkọ́?"

"Dúró, máa rọra. Mo ti fẹ́ wá bá ọ tẹ́lẹ̀. Ọdún márùn-ún la fi pariwo, kí la rí ńbẹ̀? Ohun tí màmá fi ẹnu ara wọn sọ náà ni mo lò. N ò fi ọ̀rọ̀ kan kún un."

"O yọ ọ̀rọ̀ kúrò."

"Ọ̀rọ̀ méjì péré."

"Ọ̀rọ̀ méjì yẹn lorin. Kásẹ́ẹ̀tì ńkọ́?"

Túnbọ̀ wo ilẹ̀. Ó ní, "Wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ ìpolongo lé e ní Èkó. N ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe é. Etí rẹ̀ wà lára rẹ̀, Dúró. Òfin wa ṣáà ni."

"Oúnjẹ ìyá mi," ni Dúró bi í, "ṣé ó ń dà nínú rẹ?"

Túnbọ̀ wọ inú ọkọ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ṣí ẹ̀rọ agbóhùnsókè, ìyá Dúró sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki ẹ̀rọ omi lọ sí òpópónà kejì.

Ọlájídé wọlé. Wọ́n fi ọ̀dà búlúù kun ẹ̀rọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n tún orúkọ rẹ̀ kọ sídìí wọn. Omi kò yọ. Túnbọ̀ di ẹni tó ń gun ọkọ̀ káńsù, bó bá rí Dúró lójú ọ̀nà, yóò wo apá kejì. N ò ní í ṣẹ́ èpè fún un. Ìyá tó fún un lóúnjẹ kò ṣẹ́ èpè fún ẹnikẹ́ni rí.

Lọ́jọ́ tí Dúró ti Ọ̀tan dé, ó gbé kásẹ́ẹ̀tì Zipporah lé orí tábìlì ìfági, ó fi irin ìgbẹ́gi kán etí méjèèjì dànù. Láti ìgbà tí wọ́n ti kun ẹ̀rọ, láràárọ̀, kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, yóò gbé rédíò kékeré kan lọ sí ìkòríta, yóò gbé e lé sìmẹ́ńtì ìdí ẹ̀rọ búlúù náà, yóò sì tẹ̀ ẹ́. Àwọn obìnrin tó ń lọ sódò á dúró, àwọn kan á máa rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ á kí ẹ̀rọ. Á kì í. Á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlájídé. Bókẹ́ẹ̀tì á ró. Níbẹ̀ ni Dúró ti máa ń pa rédíò náà kí bọ́ọ̀lù tó wọlé, á gbé orí sókè, á sì fi ẹnu ara rẹ̀ bèèrè pé, "Omi dà?"

Ó ti ń gbàgbé bí ohùn ìyá rẹ̀ ṣe máa ń rí gan-an níbi yẹn, ó sì ń bà á nínú jẹ́. Fọlákẹ́ arúgbó nìkan ló sọ fún un lọ́jọ́ kan, bókẹ́ẹ̀tì lórí, pé ó ń yára sọ ọ́ jù: ìyá rẹ̀ máa ń mí díẹ̀ kó tó bèèrè. Dúró dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó mí díẹ̀ kó tó bèèrè, ó yí kásẹ́ẹ̀tì padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó sì lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù.